Òṣùpá àti Pílánẹ́ẹ̀tì Lójú Ọ̀run Hawáì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Oṣooṣù ni àwọn ìbéèrè kan náà máa ń padà wá bí mo bá ti dárúkọ òru Hawáì fún àwọn èèyàn. Mo kó wọn jọ síbí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Àwọn tó le wà nísàlẹ̀.

Kí ni Kaulana Mahina?

Kàlẹ́ńdà òṣùpá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Hawáì ni. Mahina ni wọ́n ń pe òṣùpá, mahina náà ni wọ́n sì ń pe oṣù tí a ń kà, bí oṣù àti òṣùpá ṣe jẹ́ ọmọ ìyá nínú èdè tiwa. Òru ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọ̀sán. Òru kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ, láti ìgbà tí òṣùpá bá yọ bí òwú tínrín níhà ìwọ̀-oòrùn títí di òru tí ojú kò ní rí i mọ́ rárá.

Kò sí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje nínú rẹ̀. Òru mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń dì í, ìdì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ anahulu. Mẹ́ta ni wọ́n: Hoʻonui, nígbà tí òṣùpá ń dàgbà, Poepoe, nígbà tó rí róbótó, Hōʻemi, nígbà tó ń dín kù. Ẹni tó bá mọ ọjà ọrọọrún kò ní bá wọn jà pé ọ̀sẹ̀ wọn kò pé méje.

Ṣé mo nílò awò kankan?

Rárá. Ojú tó ríran àti ibi tó ṣókùnkùn ti tó láti mọ gbogbo òru inú oṣù àti pílánẹ́ẹ̀tì márùn-ún. Ohun tó ń da iṣẹ́ rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni fóònù. Ojú ń fẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ òkùnkùn lò dáadáa. Bí ẹ bá yẹ fóònù wò lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá ní awò olójú méjì tí àwọn tó ń wo ẹyẹ máa ń gbé kọ́rùn, ẹ ó rí ihò àti òkè ojú òṣùpá, ẹ ó sì rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Júpítà ká bí ọ̀wọ́ ẹ̀gún tíntìntín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Òrùka Sátọ̀n ni awò yẹn kò ká. Ìyẹn ń fẹ́ awò ńlá tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Òru mélòó ló wà nínú oṣù, kí sì ni orúkọ wọn?

Ọgbọ̀n ni. Hilo ni àkọ́kọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a lọ́ nǹkan bí ẹni lọ́ okùn, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni òṣùpá ṣe rí lálẹ́ yẹn. Hoaka tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni Kū mẹ́rin: Kūkahi, Kūlua, Kūkolu, Kūpau. ʻOle mẹ́rin ló kàn: ʻOlekūkahi, ʻOlekūlua, ʻOlekūkolu, ʻOlepau. Hoʻonui parí síbẹ̀.

Poepoe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Huna, tí í ṣe ìpamọ́, nítorí pé igun òṣùpá ti ń pamọ́ bọ̀ sínú ìyípo. Mōhalu tẹ̀ lé e, ìgbà tí òdòdó ń là, Hua, tó túmọ̀ sí èso tàbí ẹyin, Akua, tí í ṣe òrìṣà, Hoku, Māhealani, Kulu. Lẹ́yìn wọn ni Lāʻau mẹ́ta: Lāʻaukūkahi, Lāʻaukūlua, Lāʻaupau. Lāʻau ni igi, ewé àti oògùn pa pọ̀, nítorí náà ó jẹ́ ìgbà tí àwọn oníṣègùn ń já ewé. Ẹni tó bá ń gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ẹni tó sọ ewé ti sọ oògùn.

Hōʻemi ló kẹ́yìn: ʻOlekūkahi, ʻOlekūlua, ʻOlepau, Kāloakūkahi, Kāloakūlua, Kāloapau, Kāne, Lono, Mauli, Muku. Muku ni ohun tí a gé kúrò. Òṣùpá ti tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ṣé dandan ni kí n há gbogbo ọgbọ̀n náà sórí?

Wọn kò tó ọgbọ̀n tí ẹ bá wò ó dáadáa. Kahi ni ení, lua ni èjì, kolu ni ẹ̀ta, pau ni ó parí. Kūkahi jẹ́ Kū kìíní, Kūpau sì jẹ́ Kū ìparí. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí pẹ̀lú Kū, ʻOle, Lāʻau àti Kāloa ti mọ òru mẹ́tàdínlógún lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́tàlá ló kù, àwọn náà sì ń tẹ̀ lé ìrísí òṣùpá tí ojú yín ń rí.

Ní Hawáì, orin ni àwọn ọmọdé fi ń kọ́ wọn, tí wọ́n ń kà wọ́n ní ìlù. Èmi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó yá ju ìyẹn lọ.

Kí ni àmì tó dà bí ọ̀rọ̀ àfàyọ tó wà nínú orúkọ wọ̀nyí, ṣé mo lè fò ó?

Ẹ má fò ó. Èyí tó dà bí kọ́mà kékeré lókè ń jẹ́ ʻokina. Kọ́ńsónáǹtì gidi ni, ọ̀fun ni a fi ń dá ohùn dúró níbẹ̀. Ìlà gígùn lórí fáwẹ́lì ń jẹ́ kahakō, ó ń fa fáwẹ́lì gùn. Hōkū ni ìràwọ̀, Hoku sì ni òru kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó ti jà rí torí wọ́n kọ igbá, ìgbà àti igba bákan náà láìfi àmì sí i mọ bí ó ṣe ń dun ni.

Pílánẹ́ẹ̀tì wo ni ojú lásán lè rí, kí sì ni orúkọ wọn ní èdè Hawáì?

Márùn-ún ni. Àgùàlà tiwa, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Venus, ń jẹ́ Hōkūloa nígbà tó bá yọ ní ìdájí. Júpítà ń jẹ́ Kaʻāwela. Máàsì ń jẹ́ Hōkūʻula, ìràwọ̀ pupa, orúkọ tó bá a mu rẹ́gí. Sátọ̀n ń jẹ́ Makulu. Mẹ́kúrì ń jẹ́ Ukaliʻaliʻi, ẹni tó ń tẹ̀ lé ọba. Oòrùn ni ọba yẹn. Mẹ́kúrì kì í jìnnà sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wọ̀ lálẹ́, iwájú rẹ̀ ló ń yọ ní òwúrọ̀.

Ẹ rántí òwe wa pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ Mẹ́kúrì ní Hawáì àti ọ̀rọ̀ àgùàlà nílé jọra débi kan: wọ́n rí ẹnì kan tó ń bá ọlọ́lá rìn, wọ́n sì fi ìrìn náà sọ ọ́ lórúkọ. Àmọ́ òwe tiwa ń bá àwọn tó ṣebí ajá ni wí, ti Hawáì gbà pé ọmọ ẹ̀yìn ọba ni lóòótọ́.

Ẹ ó pàdé orúkọ mìíràn. Àwọn kan ń pe Hōkūloa ní Nāholoholo bó bá di ti alẹ́, Hōkūʻula sì tún jẹ́ orúkọ ìràwọ̀ pupa kan tí kì í ṣe Máàsì. Orúkọ tí mo fi ṣáájú ni ẹ ó máa bá pàdé jù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ pílánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ìràwọ̀?

Ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú, pílánẹ́ẹ̀tì kì í sáábà ṣẹ́jú. Ìràwọ̀ jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé bí ojú abẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń mì ín. Pílánẹ́ẹ̀tì súnmọ́ wa díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju ìyẹn lọ. Bó bá lọ sílẹ̀ gan-an níbi tí ọ̀run ti pàdé òkun, àwọn méjèèjì lè máa ṣẹ́jú, nítorí náà ẹ dúró kó gòkè.

Àmì kejì ni pé ó ń rìn. Hōkū hele ni wọ́n ń pè é ní Hawáì, ìràwọ̀ tó ń lọ. Ẹ wò ó lónìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ kan, kí ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá ti kúrò níbi tí ẹ fi í sí, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́.

Pílánẹ́ẹ̀tì wo ni mo máa rí lóṣù yìí?

Ó sinmi lórí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé nínú ìrìn tirẹ̀, wọn kì í sì bára wọn rìn. Hōkūloa máa ń jẹ́ ti alẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, á wọ inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, á wá di ti ìdájí fún irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 584 ló fi ń pé yíyí yẹn. Kaʻāwela máa ń mọ́lẹ̀ jù lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí oṣù mẹ́tàlá, nítorí náà bí ẹ bá rí i ní ogo rẹ̀ ní Oṣù Kìíní ọdún kan, ẹ wá a ní Oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Makulu ń sún ọ̀sẹ̀ méjì péré sẹ́yìn lọ́dọọdún.

Hōkūʻula ló ń dán sùúrù wò. Nǹkan bí oṣù 26 ló wà láàárín ìgbà méjì tó ń tàn dáadáa; láàárín wọn, á kéré, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì dín kù débi tí àwọn èèyàn ń kọ̀wé pé àwọn kò rí i mọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ukaliʻaliʻi ní tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ bíi méjì ló ń hàn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí òkun tàbí pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbayawu ní iwájú yín.

Aago mélòó ni òṣùpá ń yọ?

Ojoojúmọ́ ló ń pẹ́ ju ti àná lọ, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ní ìpíndọ́gba. Ní Hilo, òṣùpá ti wà lókè tẹ́lẹ̀ nígbà tí oòrùn wọ̀, kò sì ní pẹ́ tí òun náà á fi wọ̀. Ní àwọn ʻOle àkọ́kọ́, ó wà nítòsí àtàrí nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ní Akua sí Hoku, ó ń yọ ní ìlà-oòrùn bí oòrùn ti ń wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn. Ní àwọn ʻOle kejì, ó di àárín òru. Ní Kāne àti Lono, ìdájí ni, tínrín, ojú rẹ̀ sì kọ sí ibi tí oòrùn máa gbà yọ.

Ó tún túmọ̀ sí pé ẹ lè gbọ́ orúkọ òru láti ẹnu òṣùpá fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá jáde ní aago méje alẹ́ tí ìdajì òṣùpá wà lókè orí yín, ẹ má ṣí ìwé kankan, ʻOle ni.

Kí ló dé tí wọn kì í gbin nǹkan ní òru ʻOle?

ʻOle ni kò sí, òfo. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tí a bá gbìn lọ́jọ́ wọ̀nyẹn kò ní so, ẹni tó bá sì lọ sódò lè bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Àwọn àgbẹ̀ á wá fi í ro oko, tú ewéko jù nù. Apẹja á jókòó máa so àwọ̀n tó já. Mo fẹ́ràn ètò yìí. Òru méje lóṣù tí iṣẹ́ títún-nǹkan-ṣe ní orúkọ tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní pe ẹni tó ń ṣe é ní ọ̀lẹ.

Ti apẹja ní ìdí tó hàn gbangba. ʻOle bọ́ sí ìgbà tí òṣùpá jẹ́ ìdajì, ìgbà yẹn sì ni fífà òṣùpá àti fífà oòrùn kì í sí lójú ìlà kan náà. Òkun kò ní kún jù, kò sì ní fà sẹ́yìn jù. Àpáta etí òkun tí wọ́n máa ń rìn lé láti ṣa ìṣáwùrú kò ní yọ jáde dáadáa. Ní Mauli àti Muku, tàbí ní Hoku, òkun ń fà sẹ́yìn gan-an, etí òkun á sì ṣí sílẹ̀.

Ní ìdàkejì, òru Kū dára fún ohun tó ń dúró ṣánṣán, nítorí Kū ni ìdúró. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń gbin kókò, tí wọ́n ń pè ní kalo, àti ànàmọ́. Huna wà fún ohun tó ń pamọ́ sínú ilẹ̀ tàbí lábẹ́ ewé, títí kan kèrègbè. Hua wà fún ohun tó ń so. Kāloa wà fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrèké àti oparun, àwọn ohun tó ga tó sì gùn.

Nínú Akua, Hoku, Māhealani àti Kulu, èwo gan-an ni òṣùpá àrànmọ́jú?

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n kà sí òṣùpá tó kún. Ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ láàárín wọn, wọn ò sì ṣe bí ẹni pé ó rí i. Hoku ni wọ́n fi ṣe orí.

Fún Hoku, ẹ jí ní kùtùkùtù kí ẹ wo ìwọ̀-oòrùn. Bí òṣùpá bá ti wọ̀ kí oòrùn tó yọ, Hoku Palemo ni, èyí tó rì. Bó bá ṣì wà lókè nígbà tí oòrùn yọ, Hoku Ili ni, èyí tó gúnlẹ̀ bí ọkọ̀ tó há sórí iyanrìn. Bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tiwa sọ ọ́, Hoku Ili ni àrànmọ́jú tí ilẹ̀ mọ́ bá lójú ọ̀run.

Ta ni obìnrin tó wà nínú òṣùpá?

Hina ni. Wọ́n sọ pé iṣẹ́ ilé àti ti ẹbí sú u, ó gbé igbá rẹ̀, ó gòkè lọ sínú òṣùpá. Ọkọ rẹ̀ fò, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ náà kán, ṣùgbọ́n Hina kò padà. Ibi dúdú ojú òṣùpá ni òun àti igbá rẹ̀.

Ọjọ́ wo ni kò yẹ kí n wẹ̀ ní Waikīkī?

Nǹkan bí ọjọ́ 8 sí 10 lẹ́yìn tí òṣùpá bá kún. Ìgbà yẹn ni jẹ́lífíìṣì onígun mẹ́rin máa ń ya wá sí etíkun gúúsù erékùṣù Oʻahu: Waikīkī, Ala Moana, Hanauma. Ara wọn mọ́ gaara bí omi, ẹni tí wọ́n bá ta kò ní rí ohun tó ta á. Ẹ kà á láti Hoku, ẹ ó rí i pé ʻOlepau, Kāloakūkahi àti Kāloakūlua ló bọ́ sí. Àwọn olùṣọ́ etíkun máa ń gbé pátákó ìkìlọ̀ síta. Ẹ má ṣe ọ̀yájú sí i. Bí wọ́n bá ta ẹnì kan, ọtí kíkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà sí i. Bí mímí bá ṣòro fún un, kí ẹ pe ambúláńsì.

Ṣé òótọ́ ni pé a kì í jáde ní òru Kāne?

Ohun tí àwọn àgbà Hawáì sọ ni pé huakaʻi pō, ọ̀wọ́ àwọn òkú ọba àti jagunjagun, ń rìn ní àwọn òru kan, òru Kāne sì wà lára wọn. A ń gbọ́ ìlù, a ń rí iná ògùṣọ̀ lọ́nà ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn kò tẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá pàdé wọn gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀, kò gbọdọ̀ wò wọ́n. Ẹni tí orò ti sé mọ́lé rí kò ní bi mí léèrè ìdí.

Òru Kāne ṣókùnkùn, nítorí òṣùpá kò ní yọ títí di ìdájí. Fún wíwo ìràwọ̀, kò sí òru tó dára tó o. Èmi yóò wo ọ̀run láti ẹ̀yìnkùlé ara mi, n kò ní gba ojú ọ̀nà àwọn ará ìgbàanì lọ.

Ṣé Hōkūleʻa jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì?

Rárá, ìràwọ̀ ni, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Arcturus. Ó ń kọjá ní àtàrí Hawáì, ìdí nìyẹn tí awakọ̀ ojú omi tó ń ti gúúsù bọ̀ fi lè mọ̀ pé òun ti dé ọ̀gangan ilé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sọ ọkọ̀ onígbòkun alápá méjì tí wọ́n sọ sómi ní 1975. Ní 1976, Mau Piailug láti erékùṣù Satawal darí rẹ̀ láti Hawáì dé Tahiti láìlo ohun èlò atọ́nà kankan. Ìràwọ̀, ìgbì àti ẹyẹ ló fi mọ̀nà.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ọjọ́ kan wà tí òpó kì í ní òjìji?

Ọjọ́ méjì lọ́dún ni, ní ìparí Oṣù Kàrún-ún àti àárín Oṣù Keje ní Honolulu, olú-ìlú Hawáì. Oòrùn á dúró sí àtàrí gan-an. Lahaina Noon ni wọ́n ń pè é láti 1990, nígbà tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Bishop Museum ní kí aráàlú dá orúkọ fún un. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ̀ ni kau ka lā i ka lolo, oòrùn gúnlẹ̀ sórí ọpọlọ. Oòrùn kàtàrí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n a kò fún un lọ́jọ́.

Mo ń lọ sí Maunakea láti wo ọ̀run. Kí ni kí n mọ̀?

Orí òkè náà ga tó mítà 4,200, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ibùdó àlejò tí wọ́n fi orúkọ Ellison Onizuka pè, ọmọ Kona tó kú nínú ọkọ̀ òfuurufú Challenger ní 1986, wà ní nǹkan bí mítà 2,800, ibẹ̀ sì ti tó fún ẹni tó fẹ́ fi ojú wo ìràwọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gòkè síwájú, ẹ kọ́kọ́ sinmi níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé 13, àti ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.

Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ nípa Hawáì, títí wọ́n á fi dé ibẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀wọ̀ tún ni òkè náà fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Ẹ má mú òkúta rẹ̀ lọ sílé.

Ìbàdàn ni mo wà. Ṣé mo lè lo orúkọ òru wọ̀nyí?

Òṣùpá kan náà ni. Àmọ́ wákàtí mọ́kànlá ni Nàìjíríà fi ṣáájú Hawáì: bó bá jẹ́ aago méje alẹ́ ní Ìbàdàn, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ní Honolulu. Nígbà tí oòrùn á bá fi wọ̀ lọ́dọ̀ wọn, òṣùpá ti dàgbà ní nǹkan bí wákàtí mọ́kànlá sí i. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí Ìbàdàn má rí nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ kan, kí Honolulu sì rí Hilo ní ọjọ́ yẹn kan náà.

Ẹ ka òru yín láti orí òṣùpá tí ojú yín rí. Èyí tí a tẹ̀ fún Honolulu, ti Honolulu ni.

Ṣé òṣùpá tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Ràmàdánì ni Hilo?

Òṣùpá tínrín alẹ́ àkọ́kọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá, ní ibi kan náà, lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀. Ibi tí wọ́n ti yà ni ọdún. Oṣù òṣùpá méjìlá jẹ́ ọjọ́ 354, ó fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá dín sí ọdún oòrùn. Kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí kì í fi nǹkan kún un, ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ fi ń bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dún kan, tí á sì bọ́ sí àkókò òjò lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Hawáì kì í jẹ́ kó rìn bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ Makaliʻi, ìdì ìràwọ̀ kéékèèké tí àwọn òyìnbó ń pè ní Pleiades, ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Bó bá yọ ní ìlà-oòrùn bí oòrùn ti ń wọ̀, ní àárín Oṣù Kọkànlá, wọ́n ń dúró de òṣùpá tuntun tó tẹ̀ lé e, àjọ̀dún Makahiki á sì bẹ̀rẹ̀: nǹkan bí oṣù mẹ́rin fún òrìṣà Lono, tí ogun kò gbọdọ̀ jà. Nígbà tí oṣù àti ìràwọ̀ bá ti jìnnà síra, wọ́n ń fi oṣù kẹtàlá kún ọdún.

Oṣù òṣùpá jẹ́ ọjọ́ 29 àtààbọ̀. Báwo ni òru 30 ṣe wọ inú rẹ̀?

Kò wọ̀ ọ́ nígbà gbogbo. Ọjọ́ 29.53 ni ìpíndọ́gba, nítorí náà oṣù kan á jẹ́ 30, òmíràn á jẹ́ 29. Nínú oṣù kúkúrú, Muku ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Ẹni tó ń fi ojú ṣọ́ ọ kò tilẹ̀ ní ìṣòro kankan: bí Hilo bá ti yọ, oṣù tuntun ti dé, òru tí a kò tíì kà ti bá tirẹ̀ lọ.

Kàlẹ́ńdà méjì tí mo ní kò bára mu. Èwo ló ṣìnà?

Ó lè má sí èyí tó ṣìnà. Ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ Hilo láti ọjọ́ tí ìṣirò sọ pé òṣùpá di tuntun, èkejì láti alẹ́ tí ojú lè rí i. Ọjọ́ kan ni ìyẹn, nígbà mìíràn méjì. Erékùṣù kọ̀ọ̀kan tún ní àṣà tirẹ̀: orúkọ oṣù kan náà lè bọ́ sí ìgbà ọ̀tọ̀ ní Oʻahu àti ní Hawáì Ńlá, àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ sì fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìbá ara wọn jà. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni kàlẹ́ńdà tó fi ʻOle sí òru tí òṣùpá rí róbótó. Èyí ti ṣìnà pátápátá.

Orúkọ Hawáì tuntun tí wọ́n ń sọ àwọn ohun ojú ọ̀run, ṣé gidi ni?

Gidi ni. Awò ńláńlá wà lórí òkè Maunakea àti òkè Haleakalā, ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ sì ti ń gba orúkọ èdè ilẹ̀ náà. ʻOumuamua ni wọ́n sọ ohun àkọ́kọ́ tí a rí tó ti ẹ̀yìn ayé oòrùn wa wá, tí awò Haleakalā rí ní 2017. Ó túmọ̀ sí amí tó kọ́kọ́ dé láti ọ̀nà jíjìn. Pōwehi ni orúkọ tí ọ̀jọ̀gbọ́n Larry Kimura mú wá ní 2019 fún ihò dúdú àkọ́kọ́ tí a ya àwòrán rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Kaʻepaokaʻāwela. Àpáta òfuurufú kan ni, ọ̀nà Júpítà ló ń gbà yí oòrùn ká, ṣùgbọ́n òdìkejì ló dojú kọ, bí ọlọ́kadà tó ń sáré wọ ojú ọkọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń fi èdè Hawáì kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ, lábẹ́ ètò ìsọlórúkọ A Hua He Inoa ti ʻImiloa, ibùdó ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ ní ìlú Hilo. ʻEpa ni oníjọ̀ngbọ̀n. Kaʻāwela ẹ ti mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí Kaʻāwela bá wà lókè, ẹ mọ ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu.